Àwọn Tí Ilẹ̀ Ń Ṣú Bá ní Upper Iweka

Ẹni tó bá ti wọ bọ́ọ̀sì láti Jíbówù lọ sí ilẹ̀ Ígbò rí yóò mọ Upper Iweka. Bí ọkọ̀ bá ti fi Asaba sílẹ̀, tó gun afárá Odò Ọya tí wọ́n parí ní 1965, Onitsha ti dé nìyẹn. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi kan oríta tí ọkọ̀ Èkó, ti Enugu, ti Owerri àti ti Port Harcourt ti ń já èrò. Agbèrò ń pariwo, àwọn tó ń ta búrẹ́dì àti okpa ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀, àwọn alábàárù ń du ẹrù mọ́ ẹlẹ́rù lọ́wọ́. Lójú mọmọ, ẹ kò lè dá ẹni tó nílé mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí kò ní. Alẹ́ ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, tí bọ́ọ̀sì ìkẹyìn sì ti lọ, àwọn kan á tẹ́ páálí síwájú ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù, àwọn kan á nà gbalaja sórí ọmọlanke tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, àwọn mìíràn á wọ abẹ́ afárá ọkọ̀ lọ. Alágbe wà níbẹ̀, arọ wà níbẹ̀, ẹni tí orí rẹ̀ dàrú wà níbẹ̀, ọmọ tó sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Owó iṣẹ́ náà ni kò tó gba yàrá.

Ọ̀rọ̀ oríta yìí kan àwa ọmọ Yorùbá ju bí a ṣe rò lọ. Ní òru ọjọ́ 24, oṣù Agẹmọ, ọdún 2013, ọkọ̀ tó gbéra láti Èkó já àwọn èèyàn kan sílẹ̀ ní Upper Iweka kí ilẹ̀ tó mọ́, ó sì yí padà. Ìròyìn tó jáde láti Onitsha sọ pé wọ́n tó 72. Ìjọba Èkó ní 14 péré ni àwọn kó, àti pé àwọn ti kọ̀wé sí ìjọba Anambra ṣáájú. Àwọn tí ìjọba Babátúndé Fáṣọlá, gómìnà Èkó nígbà náà, ti kó kúrò lójú títì Èkó ni wọ́n. Peter Obi, tó jẹ́ gómìnà Anambra nígbà náà, kọ̀wé ẹ̀sùn sí Ààrẹ Goodluck Jonathan. Kí a tó pajú pẹ́, ọ̀rọ̀ ti di ìjà Yorùbá àti Ígbò: ta ló ni Èkó, ta ló kọ́ Èkó, ta ló jẹ ta ní gbèsè. Àwọn olóṣèlú bọ́ sí i, ìwé ìròyìn sì rí ọjà tà. Nígbà tó di oṣù Ọwẹ́wẹ̀, Fáṣọlá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ Ígbò, ìjà náà sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ẹ̀yà kan ni wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí àwọn tí wọ́n já sílẹ̀ lóru yẹn máa sùn kọ́ ni wọ́n jà lé lórí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ sọ̀yà. Ní ìparí ọdún 2011, ìjọba Peter Obi kan náà ni ìwé ìròyìn gbé jáde pé ó kó àwọn alágbe, ó dá wọn padà sí Akwa Ibom àti Ebonyi. Èkó náà sì ti kó àwọn ọmọ Yorùbá tí kò nílé padà sí Ọ̀yọ́ rí, tí ariwo rẹ̀ kò sì tó èyí, nítorí pé Yorùbá ló kó Yorùbá. Iṣẹ́ ìrànwọ́ kan ṣoṣo tí ìjọba wa mọ̀ dunjú fún aláìnílé ni ọkọ̀. Gbé e, wà á lọ, já a sílẹ̀ níbi tí ojú wa kò ti ní tó o mọ́. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí a ṣe ń lọ sí ọdún 2020, nítorí àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà kò kọ́ ìjọba wa ní ọgbọ́n tuntun nípa àwọn tí kò nílé. Èyí tí wọ́n ti ní lọ́wọ́ náà ni wọ́n tún lò.

Ọjà tó jẹ́ ibùsùn

Ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn náà ní Nàìjíríà, a rí i ní ọjọ́ 27, oṣù Èrèlé, ọdún 2020. Nígbà tí oṣù Ẹrẹ́nà ń parí lọ, Ààrẹ Buhari ti kéde kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá. Anambra kò sí nínú àwọn tí àṣẹ yẹn kàn, ṣùgbọ́n Gómìnà Willie Obiano kò dúró de Àbújá. Ó ní kí wọ́n ti ọjà ńláńlá 63 tó wà ní ìpínlẹ̀ náà pa fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì dí afárá Odò Ọya mọ́ èrò. Ní ọjọ́ 10, oṣù Igbe, ó kéde pé a ti rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn náà ní Anambra, ìsémọ́lé sì tún le sí i. Ọjà kò ṣí títí di nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Èbìbí.

N kò bá Obiano wí lórí pé ó ti ọjà. Ẹni tó mọ Ọjà Ńlá Onitsha mọ̀ pé kò sí bí a ṣe lè sọ fún èèyàn níbẹ̀ pé kó fi mítà méjì jìnnà sí ẹnìkejì rẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán kì í ráyè kọjá. Àwọn oníṣòwò láti Kamẹrúùnù, Gánà, Bẹ̀nẹ̀ àti gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà ló ń wá síbẹ̀. Bí àrùn bá wọ ibẹ̀, yóò bá ẹrù kúrò níbẹ̀ ni. Afẹ́fẹ́ ìlú náà sì ti burú tẹ́lẹ̀: nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 2016, Onitsha ni wọ́n kà sí ìlú tí eruku inú afẹ́fẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù lọ nínú gbogbo ìlú tí wọ́n wọ̀n, 594 lórí òṣùwọ̀n PM10, nígbà tí àjọ náà fẹ́ kó má kọjá 20 lọ́dún. Ẹ fojú inú wo ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń sun ìta gbangba nínú irú afẹ́fẹ́ yẹn, kí Kòrónà tó wá bá a.

Ohun tí àṣẹ náà gbàgbé ni pé ọjà kì í ṣe ibi ìtajà nìkan. Fún alábàárù tó wá láti Ebonyi tàbí Kano, ọjà ni ibùsùn rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti ń wẹ̀, ó ń san owó ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ń gba iná sí fóònù. Ìyá olóńjẹ tó ń tà fún un mọ̀ ọ́n débi tó fi lè fún un láwìn bí iṣẹ́ kò bá lọ déédéé. Ọlọ́dẹ ọjà mọ ojú rẹ̀, kì í lé e. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí ọlọ́jà ń san owó díẹ̀ fún kí wọ́n máa sun iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí olè má baà yọjú. Gbogbo èyí kò sí nínú ìwé ìjọba kankan, bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ iṣẹ́ ìrànwọ́ tó lágbára jù lọ tí àwọn èèyàn yìí ní. Ọjọ́ tí wọ́n ti ọjà ni gbogbo rẹ̀ tú ká lẹ́ẹ̀kan náà: iṣẹ́ lọ, oúnjẹ lọ, àwìn lọ, ibùsùn lọ. Wọ́n sì dí afárá, nítorí náà ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní òdìkejì odò, tó bá ní kí òun kúkú padà sílé, kò rọ́nà lọ.

Ẹgbẹ́ kan tún wà tí a kì í kà mọ́ aláìnílé, àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ òwò lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn. Ètò ìkọ́ṣẹ́ àwọn Ígbò ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà di olówó. A kò lè bẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ilé ọ̀gá ni ọmọ ń gbé, ìbínú ọ̀gá lè lé e síta lálẹ́ ọjọ́ kan. Bí ọjà bá wà ní títì, tí owó kò wọlé, tí ilé sì há, ta ni yóò kọ́kọ́ di ẹrù? Ẹ má sì gbàgbé pé oṣù márùn-ún péré ṣáájú, ní ọjọ́ 16, oṣù Ọ̀wàrà, 2019, ọkọ̀ agbépo kan ṣubú ní agbègbè Upper Iweka kan náà, iná sì ran dé ọjà Ochanja. Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ kú. Ọkọ̀ panápaná láti Asaba, ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ni àwọn èèyàn rí. Àwọn tí iná yẹn jẹ ọjà àti ilé wọn kò tíì gbéra nílẹ̀ dáadáa tí Kòrónà fi bá wọn.

Ní Okpoko tó fẹ̀gbẹ́ kan Onitsha, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ogbaru, àwọn tó ní òrùlé lórí náà kò sàn jù. Ìdílé kan odindi nínú yàrá kan, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan fún gbogbo agboolé, omi rírà. Ní 2009, àjọ UN-Habitat bá ìjọba Anambra ya àwòrán ètò ìlú fún Onitsha, ọ̀rọ̀ àwọn àdúgbò bẹ́ẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Àwòrán náà jókòó sínú ìwé. Nígbà tí wọ́n wá ní kí gbogbo èèyàn máa fi ọṣẹ fọwọ́ nígbà gbogbo, omi ọkọ̀ tí wọ́n ń fi owó rà ni wọ́n ní kí wọ́n fi fọ̀ ọ́.

Ilé là ń wò

Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìjọba àpapọ̀ náà, ilé ló ń wò kó tó kọ orúkọ tálákà sílẹ̀. Nígbà tí Buhari bá ará ìlú sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ 13, oṣù Igbe, ó ní òun ti pàṣẹ kí ìwé orúkọ àwọn aláìní tí ìjọba ń lò kúrò ní ìdílé mílíọ̀nù 2.6, kó di ìdílé mílíọ̀nù 3.6 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdílé ni ẹ gbọ́ yẹn. Bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé náà ni pé wọ́n á kó ará àdúgbò jọ, àwọn fúnra wọn á tọ́ka sí ilé tí ìyà ti ń jẹ èèyàn jù, òṣìṣẹ́ á wá lọ sí ilé kọ̀ọ̀kan láti kọ orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀. Ètò tó dára ni fún abúlé, nítorí ó ṣòro láti purọ́ lójú ẹni tó mọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ wo ni yóò lọ kan ilẹ̀kùn páálí? Ará àdúgbò wo ni yóò tọ́ka sí ọmọkùnrin tó ń sùn lórí ọmọlanke, tó sì tún lè jẹ́ pé kò gbọ́ èdè wọn?

Ní ilẹ̀ Ígbò, ìṣòro kejì tún wà níbẹ̀. Ohun tó bá ti jẹ́ ti ìlú, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti ìgwè, ìyẹn ọba ìlú, ló máa ń gba ọwọ́ wọn kọjá. Anambra ní ìlú tó tó 179, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ààrẹ ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ràn ètò yìí ju ti wa lọ. Àwọn ẹgbẹ́ náà ti kọ́ ilé ìwé, wọ́n ti la ọ̀nà, nígbà tí àwa ń dúró de ìjọba. Ṣùgbọ́n ọmọ ìlú ni ó ń kà. Onitsha sì jẹ́ ìlú tí àwọn tó wá gbé ibẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó ni ín lọ fíìfíì. Ẹni tó ti Abakaliki wá, ìrẹsì ìrànwọ́ ìlú rẹ̀ wà ní Abakaliki, kò sì lè kọjá lọ gbà á. Ẹni tó ti Sokoto wá ńkọ́?

Ìjọba àpapọ̀ rí àlàfo yìí nígbà tó yá. Ní oṣù Ṣẹ́ẹ̀rẹ́, 2021, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé orúkọ mìíràn fún àwọn aláìní inú ìlú ńlá, èyí tí èèyàn lè fi fóònù rẹ̀ wọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wá sílé rẹ̀. Ọgbọ́n tó dára ni, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́sàn-án ti kọjá lórí ebi oṣù Igbe. Ẹni tó ń sun ìta sì mọ̀ pé fóònù ni olè kọ́kọ́ ń jí.

Ohun tí wọ́n ń pín gan-an tún yẹ ká wò. Ìrẹsì tútù, ẹ̀wà tútù, gàrí, indómì. Ẹni tí kò ní ìkòkò, tí kò ní ààrò, tí kò ní omi, kí ni yóò fi ìrẹsì tútù ṣe? Yóò tà á ní ìdajì owó ni, àwọn èèyàn á sì ní ẹ ò rí i, ebi kò pa á. Ní oṣù Ọ̀wàrà, 2020, nígbà tí ìwọ́de EndSARS dàrú, àwọn èèyàn já ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí ní Mazamaza l'Ékòó, ní Ẹdẹ, ní Ìlọrin, ní Jos àti níbòmíràn, wọ́n bá òkìtì oúnjẹ tí àjọ CACOVID ti àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni rà fún ará ìlú. Àwọn gómìnà ṣàlàyé pé àwọn kò tíì parí ètò pínpín rẹ̀ ni. Wọ́n ṣì ń wá ilé tí wọn yóò gbé e lọ, àbí?

Èkó, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, rí ohun tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò rí. Nínú oṣù Igbe yẹn, Gómìnà Sanwó-Olú kéde ilé ìdáná alágbèéká tí yóò máa fún ọ̀dọ́ 100,000 ní oúnjẹ sísè lóòjọ́. Bóyá gbogbo wọn ló jẹun tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni mo ń gbà. Oúnjẹ sísè kì í béèrè àdírẹ́sì.

Lórí ti ọkọ̀, nǹkan kò yí padà. Ní oṣù Igbe kan náà, àwọn gómìnà Àríwá fẹnu kò pé kí wọ́n kó àwọn almajiri, àwọn ọmọ ilé kéwú, padà sí ìpínlẹ̀ tí olúkúlùkù ti wá. Wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ nínú àjàkálẹ̀ àrùn tí gbogbo ayé ti ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má rìn. Kaduna yẹ àwọn ọmọ tó ti Kano dé wò, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ní Kòrónà. Láàárín ìgbà yẹn, àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù ń dá ọkọ̀ akẹ́rù tó kó ọ̀dọ́ láti Àríwá padà ní ẹnubodè. Ìjọba àpapọ̀ tún kéde pé òun yóò dá ẹlẹ́wọ̀n 2,600 sílẹ̀ kí ọgbà ẹ̀wọ̀n lè fúyẹ́. Ohun tó tọ́ ni, àmọ́ ẹni tó jáde lẹ́wọ̀n lásìkò tí mọ́tò kò rìn, abẹ́ afárá kò jìnnà sí i.

Àwọn tí kì í béèrè àdírẹ́sì

Onitsha kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gba ẹni tí kò nílé. Ọmọ Yorùbá kan wà nínú ìtàn yẹn. Ní 1857, Samuel Àjàyí Crowther dá ibùdó Ìjọ CMS sílẹ̀ ní Onitsha, ó fi John Christopher Taylor, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ígbò, ṣe olórí ibẹ̀. Crowther fúnra rẹ̀ mọ ohun tí àìnílé jẹ́: wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, ilé baba rẹ̀ jóná, ó di ará Sàró kí ó tó padà wálé. Ní 1885, àwọn àlùfáà Kátólíìkì tí Joseph Lutz ṣáájú dé sí ìlú kan náà. Àwọn tó kọ́kọ́ rọ̀gbà yí wọn ká ni ẹrú tí wọ́n rà padà, aláìsàn tí ẹbí ti pa tì, àti àwọn tí àwùjọ ti ta nù. Àwọn òpìtàn ìjọ máa ń sọ pé Crowther yọ̀ǹda ilẹ̀ tirẹ̀ fún wọn, àwọn tí ìjọ wọn ń bá tirẹ̀ du ọmọ ìjọ. Àwọn tí kò ní ibi tí wọn yóò sùn ni ìjọ méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ìrántí yẹn kò tíì parẹ́. Nínú àwọn ìjọ Kátólíìkì Onitsha, ẹgbẹ́ Saint Vincent de Paul ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ aláìní àdúgbò ní ojú àti ní orúkọ, kí wọ́n sì gbé oúnjẹ àti aṣọ tọ̀ ọ́ lọ. Àwọn Hausa tó wà ní Onitsha ní mọ́sálásí tiwọn. Ebi kì í pa àjèjì tó bá dé ibẹ̀ lásìkò oúnjẹ. Àjọ CAFÉ tí Ebelechukwu Obiano, ìyàwó gómìnà ìgbà náà, dá sílẹ̀ ti ń kó àwọn tí orí wọn dàrú kúrò lójú títì lọ gba ìtọ́jú ṣáájú Kòrónà, ó sì ń kọ́lé fún àwọn opó tí kò ní. Èyí tí mo bọ̀wọ̀ fún jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti àwọn tí orí wọn dàrú, nítorí àwọn ni gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé: wọn kì í tò sórí ìlà, wọn kì í wọ ìbòmú, ẹnikẹ́ni kò sì lè ṣàlàyé ìsémọ́lé fún wọn.

Àmọ́ àánú nìkan kò lè gbé ẹrù yìí. Nígbà tí wọ́n ní kí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí wà ní títì, owó ọrẹ dúró, àwọn obìnrin tó ń se oúnjẹ kò lè jáde. Bákan náà, àjọ tí ìyàwó gómìnà dá sílẹ̀ kì í sábà gbé ju sáà ọkọ rẹ̀ lọ ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ á dá tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tuntun. Àìsàn mìíràn tó tún ń bá àánú wa jà ni kámẹ́rà. Aláìnílé tó gba ìrẹsì kọ́ńgò méjì ní láti dúró de fọ́tò kó tó lọ, ojú rẹ̀ á sì wà lórí Facebook títí ayé.

Accra, Lọ́ńdọ̀nù, Cape Town

Ibi tó jọ Onitsha jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni Accra. Àwọn kayayei, àwọn ọmọbìnrin tó ti Àríwá Gánà wá ru ẹrù lọ́jà, inú ọjà náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń sùn. Nígbà tí wọ́n kéde ìsémọ́lé ní Accra àti Kumasi láti ọjọ́ 30, oṣù Ẹrẹ́nà, 2020, àwọn kan nínú wọn wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ sílé, wọ́n sì dá wọn padà lójú ọ̀nà. Títí dé ibẹ̀, ìtàn kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni pé Ààrẹ Akufo-Addo kéde oúnjẹ fún èèyàn àti ilé tó tó 400,000, wọ́n gba ọ̀nà àwọn ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn ẹlẹ́sìn pín in, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ oúnjẹ sísè, wọ́n sì dárúkọ kayayei nínú ètò náà. Àwọn èèyàn ráhùn pé kò kárí, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ìjọba tó dárúkọ rẹ, o lè bi í léèrè ìdí tí tìrẹ kò fi dé.

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Louise Casey, olùdámọ̀ràn ìjọba lórí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sun ìta, kọ̀wé sí gbogbo káńsù ní ọjọ́ 26, oṣù Ẹrẹ́nà, kí wọ́n kó gbogbo ẹni tó ń sun ìta wọlé. Òtẹ́ẹ̀lì ṣófo nígbà náà, wọ́n kó wọn síbẹ̀. Nǹkan bí 15,000 ló wọlé ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn onímọ̀ tó ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà ní ó ṣeé ṣe kí ìgbésẹ̀ yẹn ti gba ẹ̀mí 266 là nínú ìgbì àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ìwé ìgbélùú wọn kò jẹ́ kí wọ́n lè gba ìrànwọ́ ìjọba wà lára àwọn tí irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún, ó kéré tán ní ìbẹ̀rẹ̀. Èyí dùn mí díẹ̀: pé ọmọ Ìbàdàn tí kò ní ìwé lè rí bẹ́ẹ̀dì ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí ẹlòmíràn tó ní ìwé ọmọ onílùú kò rí ẹní tẹ́ ní ìlú rẹ̀.

Cape Town ni ká kọ́ èyí tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe. Wọ́n pa àgọ́ ńlá sí Strandfontein ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Igbe, wọ́n kó èèyàn tó lé ní 1,000 síbẹ̀, jìnnà sí àárín ìlú. Àwọn oníṣègùn àti àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ké pé bí àrùn bá wọ àgọ́ yẹn, kò ní jáde bọ̀rọ̀. Kí oṣù Èbìbí tó parí, wọ́n ti tú u. Ibùsùn kéékèèké, tó pọ̀, tó sún mọ́ ibi tí àwọn èèyàn náà ti mọ ojú ara wọn, ló dára ju àgọ́ kan ràgàjì lọ.

Kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́

Ohun tó bí mi nínú jù nínú ọ̀rọ̀ Onitsha ni pé Anambra mọ bí a ṣe ń ṣe é. Nígbà tí Odò Ọya kún ní 2012, tó tún kún ní 2022, tí Ogbaru rì sómi, ìjọba ṣí ilé ìwé fún àwọn tí omi lé. Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n gbé ìkòkò kaná, àwọn nọ́ọ̀sì dé, àjọ Red Cross dé, ìjọ dé. Kò sí ẹni tó ní kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ fi ìwé ilé rẹ̀ hàn, nítorí gbogbo ayé mọ̀ pé ilé náà wà lábẹ́ omi. Omi lé ọ, o di ẹni ìkẹ́. Ipò òṣì lé ọ, o di ọ̀daràn.

Ní 2020, gbogbo ilé ìwé Nàìjíríà ti wà ní títì kí oṣù Ẹrẹ́nà tó parí, ọ̀pọ̀ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ sì ṣófo fún ohun tó lé ní oṣù márùn-ún. Kò sí ìdí kankan tí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mélòó kan ní Fegge, Odoakpu àti Woliwo kò fi ní jẹ́ ibùsùn fún àwọn tí wọ́n ti ọjà mọ́, ogún èèyàn síhìn-ín, ọgbọ̀n sọ́hùn-ún, pẹ̀lú táńkì omi kan àti ìyá olóńjẹ tí ọjà rẹ̀ náà ti dúró, tí ìjọba ń sanwó fún kó máa dáná. Owó tí yóò ná wọn kò lè tó owó ìrẹsì tó dìdin sínú ilé ìkẹ́rùsí.

Òfin kò dí wọn lọ́wọ́. Ìwé òfin 1999, nínú ẹsẹ̀ 16, ní kí ìjọba rí i pé ibùgbé tó tọ́ wà fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó kọ ọ́ tún fọgbọ́n fi í sí orí kejì, níbi tí èèyàn kò ti lè torí rẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́. Ẹsẹ̀ 41 ní kí ọmọ Nàìjíríà máa gbé ibi tó bá wù ú. Láti 1989 ni òfin ológun sì ti pa ẹ̀sùn rírìn gbéregbère rẹ́, ẹ̀sùn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún wa, tí ọlọ́pàá fi ń kó ẹni tí kò ní àdírẹ́sì. Síbẹ̀, bí ìjọba ìpínlẹ̀ kan bá fẹ́ kí ìlú mọ́ lójú àlejò, ọkọ̀ náà ṣì ń jáde.

Láti ìgbà tí Chukwuma Soludo ti gba ìjọba Anambra ní oṣù Ẹrẹ́nà, 2022, wọ́n ti ń la títì ní Okpoko, wọ́n sì ti ń palẹ̀ Upper Iweka mọ́. Inú mi dùn sí títì náà. Ṣùgbọ́n ìpalẹ̀mọ́ tí kò ní ibùsùn nínú, ìṣípòpadà ni. Àwọn tó ń sùn níbẹ̀ kò kú, wọ́n kàn ti sún sí ojú ọ̀nà Owerri tàbí wọ́n ti gba afárá kọjá sí Asaba.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde ní oṣù Èbìbí, 2023, pé pàjáwìrì Kòrónà ti parí. Oṣù mẹ́tàlá lẹ́yìn náà, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó. Òmíràn ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ní fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, yálà Onitsha lẹ wà tàbí Ìbàdàn tàbí Mushin, kò gùn. Ní ìgbà ìbò ìjọba ìbílẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tí ẹni tó fẹ́ di káńsẹ́lọ̀ bá wá sí òpópónà yín, ẹ bi í pé ilé ìwé wo ní wọ́ọ̀dù yìí ni yóò ṣí fún àwọn tó ń sun ìta nígbà tí àrùn mìíràn bá dé, ta ni yóò máa dáná níbẹ̀, ọwọ́ ta sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ má dìbò fún un.